Ṣé Gbogbo Èèwọ̀ Japan Yìí Ló Yẹ Kí Arìnrìn-àjò Máa Bẹ̀rù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Japan nínú oṣù kẹrin. A máa dé Tokyo, Kyoto àti Osaka, a sì máa kí ìdílé kan tó gba àbúrò mi sílé nígbà tó ń kàwé níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mò ń kà báyìí, "má ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún" ni. Má fọn imú, má sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, má jẹun lójú ọ̀nà, má di igi ìjẹun mú báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti London lọ ní kí n má da ara mi láàmú, pé àlejò ni mí, wọn ò ní bínú sí ohunkóhun. Màmá mi ti lé láàádọ́rin ọdún, ohùn wọn ròkè, wọn kì í sì í gbé fóònù sétí, ńṣe ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo ayé jọ gbọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ìlú ni wọ́n ń gbé níbẹ̀ ni, àbí bárékè sójà? Èwo ni kí n kó sọ́kàn, èwo ni kí n jù nù?

* * *

Àbúrò, ìdajì òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Wọn ò ní pariwo mọ́ ọ, ìyẹn dájú. Àmọ́ pé èèyàn ò pariwo kò ní kínú ẹ̀ má bàjẹ́. Ará Japan lè máa wò ọ́ bó o ṣe ń fi bàtà tẹ ẹní rẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́, kó sì má pè ọ́ wálé mọ́ títí ayé. O ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó wà ní òdìkejì ọ̀rẹ́ rẹ ló ń dẹ́rù bani. Àwọn ló ń ka èèwọ̀ igi ìjẹun lọ bíi rẹrẹ, tí wọ́n ń wọn orí títẹ̀ ní díígírì: 15 fún ìkíni lásán, 30 fún oníbàárà, 45 fún ẹ̀bẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà bẹ́ẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ilé ìtajà lo wá ṣe ni? Àlejò tó wọ Japan lọ́dún 2024 nìkan lé ní mílíọ̀nù 36. Orí tí àlejò ò tẹ̀ dáadáa kò jẹ́ tuntun lójú wọn mọ́.

Ohun tí èmi fi ń wọ̀n ọ́n rèé: tí ohun tó o fẹ́ ṣe bá máa kan ẹlòmíì lára, ì báà ṣe ariwo rẹ, omi ìdọ̀tí rẹ, pàǹtí rẹ tàbí ẹrù rẹ tó dí ọ̀nà, mú un ní òkúnkúndùn. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló kàn, ṣe é bó o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́ wà ní apá kejì yẹn. Bí mo ṣe ń dá ọ lóhùn, màá tún máa dá àwọn tó ti fèsì sí ìbéèrè rẹ lóhùn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà, torí kò sí àwíjàre níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ibi kékeré kan wà tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí inú ilé, genkan ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni bàtà parí sí. Wo bí onílé ṣe ń ṣe é: ó dojú kọ inú ilé, ó yọ ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ó gbé e tààrà sórí pákó òkè, ó yọ ìkejì, kò jẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ kan ilẹ̀ genkan rárá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tó yí bàtà náà padà kí imú rẹ̀ kọjú síta, tó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìta ni wọ́n ka ilẹ̀ genkan sí. Ẹni tó fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tó wá fi ìbọ̀sẹ̀ yẹn wọlé, iṣẹ́ tó ṣe ò ju iṣẹ́ ẹni tí kò bọ́ bàtà lọ.

Tó o bá wọlé tán, wọ́n á fún ẹ ní sálúbàtà. Tó o bá dé yàrá tó ní ẹní koríko tí wọ́n ń pè ní tatami, o máa bọ́ sálúbàtà náà, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló ń kan tatami. Tó o bá fẹ́ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wàá rí sálúbàtà mìíràn lẹ́nu ọ̀nà, tibẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, tó wọ̀ ọ́ jáde wá bá àwọn èèyàn nídìí oúnjẹ, wọ́n á rí i, wọn ò ní sọ nǹkan kan, ìtàn rẹ̀ ni wọ́n á máa sọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àǹtí kan ti dáhùn pé "àwa náà ń bọ́ bàtà nílé wa". Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá sì ń lọ mọ́sáláṣí ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nílé wa, bí káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe bá wọ bàtà wọlé, a lè gbójú fò ó. Níbẹ̀, káfíńtà náà máa bọ́ tiẹ̀. Kì í sì í ṣe ilé nìkan: inú àwọn tẹ́ńpìlì Kyoto, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ alátatami, àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kan, títí kan yàrá tí wọ́n ti ń dán aṣọ wò ní ilé ìtajà. Nínú yàrá ìdánwò aṣọ yẹn, màmá rẹ lè rí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ojú ni wọ́n ń fi í bò kí àtíkè àti ìkunra ètè má bàa ra aṣọ tí wọn ò tíì rà.

Nítorí náà, bàtà tí kò ní okùn ni kí màmá wọ̀, èyí tí wọn ò ní máa bẹ̀rẹ̀ ṣáá nítorí rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì yẹ ìbọ̀sẹ̀ wò. Èyí tó bá ti lu, ẹ fi sílé.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin Japan", ṣé ẹ ti wọ ọkọ̀ tó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì rí? Àwọn ọkùnrin onísúùtù tó ti mu bíà yó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ọ̀kan ti sùn sórí èjìká ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ sísọ kò lófin. Láàárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́ ni ọkọ̀ máa ń pa rọ́rọ́, lọ́sàn-án àwọn èèyàn ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń rẹ ohùn sílẹ̀ ni.

Fóònù ni ẹjọ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ nínú ọkọ̀: ẹ pa ohùn fóònù yín, ẹ má gba ìpè. Ẹni tí ìpè pàjáwìrì bá wọlé fún á bo ẹnu, á sọ pé òun wà nínú ọkọ̀, á sì gé e. Àbúrò, màmá rẹ àti fóònù àtẹ̀síta yẹn, ìwọ ló máa yanjú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Pa ohùn ẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n sọ fún àwọn ará ilé pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á máa pè, láti òtẹ́ẹ̀lì. Wákàtí mẹ́jọ ni Japan fi ṣáájú Nàìjíríà, ẹni tó bá pè ní aago mẹ́jọ alẹ́ níbẹ̀, ọ̀sán gangan ló ń bá ará ilé.

Bọ̀ọ̀dá kan ní ará Japan kò bọ̀wọ̀ fágbà, pé òun rí ìyá arúgbó tó dúró tí àwọn ọ̀dọ́ ń sùn lórí ìjókòó. Mo ti rí irú ẹ̀ náà, oorun àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí mi ò gbà gbọ́. Àmọ́ mo tún ti rí ọmọdébìnrin tó dìde fún bàbá kan, tí bàbá náà kọ̀ tí ojú ẹ̀ sì le, nítorí pé wọ́n kà á sí arúgbó níwájú èrò. Báyìí ló ṣe di pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù àtifún ẹlòmíì nípò. Ní igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjókòó wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àgbà, aláboyún àti ẹni tó farapa, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri. Ibẹ̀ ni kí màmá máa kọjú sí tààrà, kí wọ́n má dúró de ẹni tó máa dìde.

Àpò ẹ̀yìn, gbé e sáyà tí ọkọ̀ bá kún. Tò sórí ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ níbi ìdúró ọkọ̀, jẹ́ kí àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ bọ́ tán. Ìwọ tó o jẹ́ ọkùnrin, wo àmì tó wà nílẹ̀ dáadáa láàárọ̀, lára àwọn ọkọ̀ ojú irin kan, yàrá kan wà tó jẹ́ ti obìnrin nìkan.

Ní ti àtẹ̀gùn oníná tó ń gbé èèyàn lọ sókè, ohun tí gbogbo ìwé ń sọ ni pé ní Tokyo ẹ dúró sápá òsì, ní Osaka ẹ dúró sápá ọ̀tún, kí àwọn tó ń kánjú lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ní Saitama tí mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo, òfin bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá ọdún 2021 pé kí gbogbo èèyàn dúró gbọn-in, kí ẹnikẹ́ni má rìn lórí ẹ̀. Ìlú Nagoya náà ṣe tiẹ̀ ní 2023. Kò sí owó ìtanràn ní Saitama, àwọn èèyàn sì ṣì ń sáré gun ún lójú mi lárààárọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ará Japan kì í rú òfin, kò tíì gbé ibẹ̀.

* * *

Kí n tó gbàgbé, ẹrù. Mo mọ̀ wá, a ò kì í rìnrìn-àjò pẹ̀lú àpò kan. Lórí shinkansen, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré láàárín Tokyo, Kyoto àti Osaka, àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ bá ju 160 sẹ̀ǹtímítà lọ tí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìjókòó tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn ṣáájú. Wọn kì í gba àfikún owó fún un, àmọ́ ẹni tó kàn gbé e wọlé láìgbàyè, 1,000 yen ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó sàn jù lójú tèmi: ẹ fún òtẹ́ẹ̀lì ní Tokyo ní àpótí ńlá, iléeṣẹ́ akẹ́rù á gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì Kyoto, ọjọ́ kejì ló sábà máa ń dé. Ẹ̀yin á mú àpò kékeré dání. Ẹ fi báàgì Ghana-must-go sílẹ̀ jọ̀ọ́, àwọn àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ mìíràn kò ní ẹ̀rọ agbéni rárá.

* * *

Ẹnìkan bínú sí mi lórí ohun tí mo ti ń kọ bọ̀. Ó ní mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwà, mi ò sì sọ pé bó ti wù kí aláwọ̀ dúdú mọ̀wàá hù tó, àwọn kan ò ní jókòó tì í nínú ọkọ̀.

Òótọ́ ni. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ á kún, àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ nìkan ló máa ṣófo. Àwọn kan ní ìtìjú ni, pé wọ́n ń bẹ̀rù kó o má lọ fi òyìnbó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Fún àwọn mìíràn, ẹ̀tanú ni, mi ò ní bá wọn fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Mo máa ń gbé àpò mi síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá wá, màá gbé e kúrò.

Mímọ̀wàáhù kò lè gbani lọ́wọ́ ẹ̀tanú, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ìlú Otaru, ní Hokkaido, erékùṣù tó wà ní àríwá Japan, ilé ìwẹ̀ kan kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé ará Japan nìkan ló lè wọlé, wọ́n ní àwọn atukọ̀ Rọ́ṣíà ló ń da ibẹ̀ rú. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, tó ti di ọmọ ìlú Japan, fi ìwé rẹ̀ hàn wọ́n, wọn ò gbà. Òun àti àwọn méjì mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ Sapporo sì dá wọn láre lọ́dún 2002, mílíọ̀nù kan yen ni wọ́n ní kí ilé ìwẹ̀ náà san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú oṣù kìíní ọdún 2024 náà, àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí sí ìlú òkèèrè gbé ìjọba lọ sí kóòtù ní Tokyo torí pé ọlọ́pàá ń dá wọn dúró ṣáá nítorí ìrísí wọn.

Ohun tó kàn ẹ níbẹ̀ ni pé òfin ní kí àlejò máa gbé páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀ kiri. Páṣípọ́ọ̀tù gan-an, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù. Fi tìẹ àti ti màmá sínú àpò ìgbáyà. Tí ọlọ́pàá bá béèrè, mú un jáde, má jagun. Ohun kejì: lálẹ́ ní Roppongi tàbí Kabukicho, àwọn àdúgbò fàájì ní Tokyo, ẹnì kan lè fi èdè wa tàbí pidgin kí ẹ, kó ní ilé ọtí kan wà tó dáa. Dá a lóhùn, kó o sì máa lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti fa èèyàn wọlé, owó tí wọ́n máa kọ síwájú ẹ lè ju owó òtẹ́ẹ̀lì ẹ lọ.

* * *

Ká padà sídìí oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù.

Nínú gbogbo èèwọ̀ igi ìjẹun, méjì péré ni kó o mú lọ. Má ki wọ́n bọnú ìrẹsì kí wọ́n dúró ṣánṣán. Má sì fi igi tìẹ gba oúnjẹ látinú igi ẹlòmíì. Òkú ni méjèèjì ń rán wọn létí. Ìrẹsì tí wọ́n ki igi bọ̀ láàárín ni wọ́n ń gbé síwájú òkú. Tí wọ́n bá sì sun òkú tán, torí sísun ni wọ́n ń sun òkú wọn, àwọn ẹbí máa ń fi igi ṣa egungun látinú eérú, wọ́n á máa gbé e fúnra wọn láti orí igi kan sí ìkejì, kí wọ́n tó kó o sínú ìkòkò. Ó yé ẹ báyìí ìdí tí ojú wọn fi máa yí padà nídìí oúnjẹ.

Ìyókù, pé má fi igi tọ́ka, má fi igi fa àwo, ìwà tí màmá rẹ ti kọ́ ẹ nípa ṣíbí ni. Tí igi bá sì le jù, béèrè fóòkì. Sushi, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja lé lórí, fọwọ́ mú un. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ gan-an ń fọwọ́ jẹ ẹ́. Aṣọ tútù tàbí gbígbóná tí wọ́n bá gbé wá, ọwọ́ ni wàá fi nù kó o tó bẹ̀rẹ̀. Núdù, fà á pẹ̀lú ariwo tó bá wù ẹ́, níbi yìí nìkan ni ariwo kò ti dun ẹnikẹ́ni.

Ata ni ìdààmú màmá, mo mọ̀. Ní àwọn ilé núdù, ìgò kékeré kan sábà máa ń wà lórí tábìlì, ata tí wọ́n lọ̀ mọ́ àwọn nǹkan mìíràn ló wà nínú ẹ̀. Kò ní ta wọ́n lẹ́nu tó ata rodo, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ.

Owó nísinsìnyí. Má sọ pé "ẹ mú ṣéńjì". Wọn kì í gba owó ìdúpẹ́, wọ́n á rò pé o gbàgbé ṣéńjì ni, wọ́n á sì sáré tẹ̀ lé ẹ dójú títì láti dá a padà. Ẹnìkan ní ìgbéraga ni. Mi ò gbà. Iye tó wà lórí ìwé ni wọ́n gbà pé iṣẹ́ àwọn tó. Àwo pẹrẹsẹ kan wà nídìí ibi ìsanwó, orí ẹ̀ ni wàá gbé owó sí. Ní ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní izakaya, wọ́n máa gbé àwo kékeré kan wá tí o ò béèrè, wọ́n á sì kọ ọ́ mọ́ owó rẹ. Kì í ṣe jìbìtì, owó ìjókòó ni. Má bá wọn jà.

Ọjà náà, wọn kì í ná an ní ilé ìtajà. "Ẹ dín in kù" kò ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kó o dúró dalẹ́: nígbà tí ilé ìtajà oúnjẹ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ kan á máa lẹ ìwé kékeré mọ́ oúnjẹ tútù, ìdajì owó. Wàá rí àwọn ìyá Japan tí wọ́n ń rọra tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Màmá rẹ máa fẹ́ràn ibẹ̀.

* * *

Pàǹtí: kò sí ibi tó o máa jù ú sí lójú títì. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ awo ẹlẹ́sìn kan, Aum Shinrikyo, tú gáàsì olóró sínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Tokyo ní March 20, 1995, wọ́n kó ọ̀pọ̀ garawa ìdọ̀tí kúrò láwọn ibùdókọ̀, ọ̀pọ̀ ò sì padà mọ́. Fi ọ̀rá kan sínú àpò rẹ, kó pàǹtí rẹ padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Jíjẹun lórí ìrìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ìlú Kamakura ti gbé òfin jáde lọ́dún 2019 láti rọ àwọn èèyàn kí wọ́n yéé ṣe é níbi tí èrò pọ̀ sí. Dúró ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó o ti rà á, jẹ ẹ́ tán, dá ọ̀rá padà fún wọn.

* * *

Ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná, onsen. Obìnrin kan béèrè bóyá òótọ́ ni pé ìhòòhò ni. Òótọ́ ni. Obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, kò sí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù ìhòòhò yìí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì: omi inú adágún yẹn kì í ṣe fún ìwẹ̀. Ara tó ti mọ́ tán ló ń wọ inú rẹ̀.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni àpótí ìjókòó kéékèèké wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi, ọṣẹ àti garawa. Wàá jókòó, nítorí tó o bá dúró omi rẹ á ta sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Wàá fi ọṣẹ wẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, wàá ṣan gbogbo ìfófòó kúrò, wàá sì da omi sí àpótí ìjókòó náà kó mọ́ fún ẹlòmíì. Ìgbà yẹn lo tó máa wọ inú omi, jẹ́ẹ́. Táwẹ́ẹ̀lì kékeré kò gbọdọ̀ kan omi, orí ni wọ́n ń gbé e lé. Irun náà kò gbọdọ̀ kan omi. Ẹni tó bá di bírédì gígùn, kó ká a sókè, kó so ó dáadáa.

Fínfín ara ni ìjà tó kù. Ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ kì í gba ẹni tó finra, nítorí ẹgbẹ́ ọ̀daràn yakuza ló mú kí wọ́n máa sá fún un. Ní 2013, ilé ìwẹ̀ kan ní Hokkaido kọ obìnrin Maori kan, ìran onílẹ̀ New Zealand, nítorí fínfín ojú tó jẹ́ àṣà ìran rẹ̀. Ariwo pọ̀ lórí ẹ̀. Lónìí àwọn ibì kan ń gbà kó o fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ pa tó bá kéré, ibòmíràn ò gbà rárá. Béèrè kó o tó sanwó.

Tí màmá bá ní àwọn ò lè bọ́ra níwájú àjèjì, ọ̀pọ̀ ilé ìtura ní ilé ìwẹ̀ kékeré tí ìdílé lè gbà fún ara wọn fún wákàtí kan tàbí kó dín. Ẹ gba ìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ojú ń tì yín, àwọn náà ń gbà á.

* * *

Ìkíni. Àwa ọmọ Yorùbá, ibi tí àwọn òyìnbó ti ń dààmú ni ara ti tù wá, torí ẹni tí ó ti mọ ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, títẹ orí ba díẹ̀ kò ní nira fún un. Àmọ́ má ṣe dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní Japan, ẹni tó bá wó lulẹ̀ síwájú èèyàn, ẹ̀bẹ̀ ńlá ló ń bẹ̀, ìdààmú lo máa kó bá onílé. Tẹrí ba, ó tó.

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo òṣìṣẹ́ máa kígbe kí yín káàbọ̀. Wọn ò retí ìdáhùn. Màmá máa dáhùn, mo mọ̀, "ẹ kú ọjà o" fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ẹ rántí Bobby Ologun, ọmọ Nàìjíríà tó di gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n wọn: èdè Japan tí kò fi ọ̀wọ̀ sí níbi tó yẹ ló fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n lè fojú fo ọ̀rọ̀ ẹnu tí àlejò sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Bàtà lórí tatami ni wọn ò lè fojú fò.

* * *

Ẹlòmíì béèrè: "Onígbàgbọ́ ni màmá mi, ṣé wọ́n á fipá mú wọn tẹrí ba ní ojúbọ?" Rárá. Ní ojúbọ Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, ẹni tó wá gbàdúrà á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Ní ojúbọ ńlá tó wà ní Izumo, ìpàtẹ́wọ́ mẹ́rin ni. Ní tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà, wọn kì í pàtẹ́wọ́. Ẹni tí kò wá gbàdúrà, kó wo ọgbà, kó wo igi, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má dí àwọn tó wá jọ́sìn lọ́wọ́. Wọn ò ní bi í léèrè ìdí.

Ní Gion, ní Kyoto, má lépa àwọn obìnrin oníkímónò tó kun ojú funfun láti ya fọ́tò wọn. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ìyà tí àwọn arìnrìn-àjò fi jẹ wọ́n pọ̀ débi pé láti 2024 ni wọ́n ti ń ti àwọn ọ̀nà kóńkó tó jẹ́ ti aládàáni mọ́ àlejò níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé 10,000 yen ni owó ìtanràn.

* * *

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ku ọ̀kan. Ilé ìdílé tó gba àbúrò mi yẹn, kí ni ká mú lọ? Màmá ti ra kílíṣí àti ṣinṣín, wọ́n tún fẹ́ di owó sínú àpò ìwé.

* * *

Ẹ má fún wọn lówó. Ṣinṣín dáa, àmọ́ èyí tí iléeṣẹ́ dì dáadáa, tó ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rọ sínú ọ̀rá. Ẹ wé e sínú bébà tó rẹwà. Ọwọ́ méjèèjì ni kí màmá fi gbé e fún ìyá ilé náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bọ́ bàtà tí ẹ ti wọ yàrá. Ìyá náà lè sọ pé kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe wàhálà, kó tó gbà á. Ó sì ṣeé ṣe kó gbé e kalẹ̀ láìtú u wò. Kí màmá má sọ pé "ẹ tú u, ẹ tọ́ ọ wò". Tẹ́ ẹ bá ti lọ tán ni wọ́n máa tú u.

Kílíṣí ni kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Japan kì í jẹ́ kí èèyàn gbé ẹran wọlé láìsí ìwé àyẹ̀wò ìjọba, yálà tútù, gbígbẹ tàbí sísun, àwọn ajá tó ń gbóòórùn ẹran sì wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ jẹ ẹ́ nílé kẹ́ ẹ tó gbéra.